Idà Tí Kò Ní Ọ̀tá

Obìnrin mẹ́jọ ló máa ń jó o ní ìlú Jinju, ní gúúsù Kòríà. Wọ́n á wọ ẹ̀wù ogun lé yẹ̀rì gígùn, wọ́n á dé fìlà ọmọ ogun ayé àtijọ́, wọ́n á sì tò ní ìlà méjì, mẹ́rin kọjú sí mẹ́rin. Ilẹ̀ ni idà wọn wà. Ìlù á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ijó á bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò ní sáré mú irin. Apá aṣọ gígùn aláràbarà ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi jó. Wọ́n á bọ́ ọ kúrò, wọ́n á wá máa fi ọwọ́ lásán jó. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á kúnlẹ̀ níwájú idà, ọwọ́ wọn á máa lọ, á máa bọ̀ lókè irin náà, bí ìgbà tí ìyá ń rẹ ọmọ tó fẹ́ sunkún. Àwọn oníjó Kòríà tilẹ̀ ní ọ̀rọ̀ fún un: wọ́n ní àwọn ń tu idà lójú. Ó máa ń pẹ́ kí ẹni àkọ́kọ́ tó di èèkù mú.

Geommu ni wọ́n ń pe ijó yìí, tàbí kalchum lẹ́nu ará ilé. Ìjọba Kòríà fi ti Jinju sínú ìwé àjogúnbá orílẹ̀-èdè ní ọdún 1967, òun sì ni ìkejìlá níbẹ̀. Àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ idà náà ń jó o, gẹ́gẹ́ bí apá kan ẹ̀kọ́ wọn, láìsí aṣọ aláràbarà, nígbà mìíràn láìsí ìlù pàápàá. Níbẹ̀ ni ìbéèrè ti ń jáde tí kò ṣeé fi ẹ̀rín gbá dànù. Irin tí wọ́n pọ́n láti fi gé ènìyàn ni idà. Bí kò bá sí ọ̀tá níwájú, kí ló ń wá lọ́wọ́ ẹni tó ń jó?

Èdè Kòríà tí wọ́n ń sọ ní Seoul kò ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ bíi ti Yorùbá. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá pe “mu” níbẹ̀, etí nìkan kò lè mọ èyí tó ń sọ. Mu kan wà tó jẹ́ iṣẹ́ ogun. Mu kan wà tó jẹ́ ijó. Mu mìíràn tún wà, òun ni elégùn, ẹni tí ẹ̀mí ń gùn tó ń bá ayé àti ọ̀run sọ̀rọ̀. Lẹ́tà Ṣáínà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi ń kọ wọ́n, kò sì sí ẹni tó yẹ kó sọ wọ́n di ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Síbẹ̀, oríta tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pàdé ni ijó idà ti ń jó.

Ìtàn ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ korò. Wọ́n ní ọmọdékùnrin kan wà ní Silla, ọ̀kan nínú àwọn ìjọba Kòríà àtijọ́, Hwangchang lorúkọ rẹ̀. Ó gba ọjà Baekje lọ, ìyẹn ilẹ̀ ọ̀tá, ó ń fi idà jó, àwọn ènìyàn sì pé jọ yí i ká bí ògiri. Òkìkí rẹ̀ dé ààfin. Ọba ní kí wọ́n mú un wá kó jó níwájú òun. Yorùbá ní bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Ọwọ́ ọmọ yìí ti tẹ èèkù, ọba fúnra rẹ̀ ló sì pè é súnmọ́ ìtẹ́. Láàárín ijó náà ló gún ọba pa. Àwọn ará Baekje pa òun náà lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí ìròyìn dé Silla, wọ́n gbẹ́ ìbòjú tó jọ ojú ọmọ náà, wọ́n dé e, wọ́n sì ń jó ijó rẹ̀.

Ní ọdún 1385, ọ̀mọ̀wé kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Yi Cheom rí ijó oníbòjú yìí ní Gyeongju, olú ìlú Silla àtijọ́, ó sì kọ̀ láti gba ìtàn náà bẹ́ẹ̀. Kò sí ọba Baekje kankan tí ìwé ìtàn sọ pé ọmọ oníjó pa. Lójú tirẹ̀, àṣìpè orúkọ ni: Gwanchang ni wọ́n ń wí. Ìwé ìtàn mọ Gwanchang dáadáa. Ọ̀dọ́ jagunjagun Silla tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ ni, ó sì bá ogun Hwangsanbeol lọ ní ọdún 660. Ọ̀gágun Baekje, Gyebaek, mú un, ó ṣí akoto rẹ̀, ó rí i pé ọmọdé ni, àánú ṣe é, ó dá a padà. Ọmọ náà mu omi, ó tún ṣígun padà. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n bẹ́ ẹ lórí, wọ́n so orí náà mọ́ gàárì ẹṣin rẹ̀, ẹṣin sì gbé e lọ sílé.

Ó dára kí á fi ìtàn méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn díẹ̀. Nínú ti àkọ́kọ́, ìdẹkùn ni ijó jẹ́. Nínú èkejì, kò sí ijó rárá, àfi ọmọ kan tó lọ kú nígbà méjì. Ohun tó dúró nínú àwọn méjèèjì ni àwọn tó kù nílé, tí wọ́n fi ìbòjú sójú. Ẹni tó dé ìbòjú Hwangchang kò ní ọba níwájú láti gún. Òkú ló ń bá jó. Yálà Yi Cheom jàre tàbí kò jàre, ìgbà tí pípa ti parí, tí ẹkún sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ni ijó idà Kòríà gbà pé wọ́n bí òun.

Ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tí Gwanchang wà nínú rẹ̀, hwarang, kì í kọ́ ogun nìkan. Ìwé Samguk Sagi, tí Kim Bu-sik parí ní 1145, fi hàn pé orin, ohun èlò orin àti ìrìn àjò sórí òkè àti etí odò wà lára ẹ̀kọ́ wọn. Àlùfáà Búdà kan wà ṣáájú ìgbà Gwanchang, Won Gwang, tó ti Ṣáínà dé ní ọdún 600. Ọ̀dọ́ méjì, Gwisan àti Chuhang, lọ bá a pé kó fún àwọn ní ọ̀rọ̀ tí àwọn yóò máa fi ṣe ọ̀nà títí ayé. Ó ní òfin ẹ̀sìn Búdà mẹ́wàá wà fún àwọn tó fẹ́ tọ ọ̀nà mímọ́ tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n ọmọ abẹ́ ọba ni wọ́n, wọn kò lè rù ú. Ó fún wọn ní márùn-ún. Kí wọ́n sin ọba pẹ̀lú òtítọ́, kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún òbí, kí ọ̀rẹ́ lè gbọ́kàn lé wọn, kí wọ́n má sá lójú ogun. Ìkarùn-ún ló ya àwọn ọ̀dọ́ náà lẹ́nu: bí wọ́n bá fẹ́ pa ohun ẹlẹ́mìí, kí wọ́n ṣà á yàn.

Wọ́n béèrè ohun tó túmọ̀ sí. Won Gwang ní wọn kò gbọdọ̀ pa ohunkóhun ní ọjọ́ ààwẹ̀ tàbí ní ìgbà ìrúwé àti ìgbà ooru, wọn kò gbọdọ̀ pa ẹran tó ń sin ènìyàn nínú ilé, wọn kò gbọdọ̀ pa kékeré tí ẹran rẹ̀ kò tó òkèlè kan, wọn kò sì gbọdọ̀ pa ju iye tí wọ́n nílò. Ọ̀dọ́ méjèèjì kú lójú ogun ní ọdún 602. Òfin ìkarùn-ún yìí kò rọrùn fún ọmọ ogun, nítorí pé ó ń béèrè ìdúró díẹ̀ láàárín apá tó ti gbé sókè àti apá tó ń bọ̀ sílẹ̀. Níbo ni ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún yóò ti kọ́ irú ìdúró bẹ́ẹ̀? Ojú ogun kọ́ ni ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Níbẹ̀, ẹni tó bá dúró ti kú. Ijó lè kọ́ ọ, níbi tí apá ti ń gbé idà sókè ní ìgbà ọgọ́rùn-ún tí ẹnikẹ́ni kò sì kú.

Ẹni tó bá wọ ilé ẹ̀kọ́ idà ní Kòríà lónìí yóò kọ́kọ́ kọ́ bí a ṣe ń di èèkù mú, bí a ṣe ń yọ idà nínú àkọ̀ àti bí a ṣe ń dá a padà. Yóò kọ́ gígé òòró, gígé ìdábùú àti gígé ìkọrọ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò há àwọn ìtòlẹ́sẹẹsẹ ìgbésẹ̀ sórí, èyí tí olúkúlùkù ń ṣe bákan náà láìyẹ̀ ẹsẹ̀ kan. Ọ̀pọ̀ ń dúró síbẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Nígbà tí olùkọ́ bá wá ní kí ọmọ ẹ̀kọ́ jó, kí ó mú ohun tó ti kọ́, kí ó so wọ́n pọ̀ bó ṣe tọ́ lójú ara rẹ̀, ìtìjú ló máa ń kọ́kọ́ dé. Apá mọ gígé mẹ́wàá, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tó wà láàárín gígé kan àti èkejì. Ẹsẹ̀ ọ̀tún a máa lọ síwájú nígbà gbogbo, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ló ti mọ́ ọn lára. Èémí a máa dúró. Kò sí ọ̀tá tí ọmọ ẹ̀kọ́ náà lè di ẹ̀bi rù, kò sì sí ẹni tó pàṣẹ ìgbésẹ̀ tó kàn fún un.

Àwọn oníjó Kòríà ní orúkọ fún ohun tí wọ́n ń wá níbẹ̀: jeongjungdong, ìrìn tó wà nínú ìdákẹ́jẹ́. Ẹni tó dúró lórí ẹsẹ̀ kan, tí idà rẹ̀ kò mì, ń jó síbẹ̀. Bí ijó bá sì ti wọ ara tán, ohun mìíràn lè dé tí wọ́n ń pè ní sinmyeong, ìdùnnú tó dà bí ìgbà tí ẹ̀mí gun ènìyàn. Olùkọ́ kò lè fi í kọ́ni. Ó lè tún ilẹ̀ ṣe dè é, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn kan kò fẹ́ gbọ́ pé ijó lè kọ́ni ní iṣẹ́ idà, ọ̀rọ̀ wọn sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Qi Jiguang, ọ̀gágun Ṣáínà ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún, bínú gidigidi sí ọ̀nà ìjà tó kún fún ẹ̀ṣọ́, èyí tó dùn ún wò tí kò sì gba ẹnikẹ́ni lójú ogun. Nígbà tí Jàpáánì kógun ja Kòríà láti 1592 sí 1598, ìwé rẹ̀ ni àwọn ará Kòríà fi tún ẹgbẹ́ ọmọ ogun wọn tò. Òótọ́ ló sọ fún ẹgbẹ̀rún ènìyàn tó gbọ́dọ̀ dúró ní ìlà kan kí wọ́n sì ṣe ohun kan náà. Ṣùgbọ́n ènìyàn kan ṣoṣo ni ijó ń bá wí. Ìlà ogun kò bìkítà nípa irú ẹni tó di idà mú. Ijó kò ní ohun mìíràn láti fi hàn.

Ó jọ pé àwọn tó kọ ìwé iṣẹ́ ogun Kòríà tó lókìkí jù lọ mọ èyí. Muyedobotongji jáde ní ọdún 1790 nípa àṣẹ Ọba Jeongjo: ọ̀nà ìjà mẹ́rìnlélógún, pẹ̀lú àwòrán. Yi Deok-mu, Park Je-ga àti Baek Dong-su ló ṣe é. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá láti ìdílé tí òfin ìgbà náà tì sẹ́yìn, nítorí pé ìyá kan nínú ìran wọn kì í ṣe ìyàwó àgbà. Nínú orí tó sọ nípa bonguk geom, idà ilẹ̀ wa, ìtàn Hwangchang ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ìyẹn ná: ìwé tí ọba ní kí wọ́n kọ fún ọmọ ogun gbé ọmọdé oníjó kalẹ̀ bíi baba ńlá idà. Orúkọ ìdúró inú rẹ̀ kò sì jìnnà sí agbo ijó. Àkùkọ wúrà ń dúró lórí ẹsẹ̀ kan, ọ̀bọ funfun ń jáde nínú ihò, ẹkùn ń sá pamọ́ sínú igbó. Park Je-ga fúnra rẹ̀ ti rí ijó idà nígbà tó lọ sí òkè Myohyang ní ọdún 1769, ọmọ nǹkan bí ogún ọdún ni, ó sì kọ ìwé kékeré kan lé e lórí. Ọdún mọ́kànlélógún kí ó tó kọ nípa idà ogun ló ti kọ nípa idà ijó.

Àwọn tó ń jó o nígbà náà ni gisaeng, obìnrin olórin àti oníjó tó jẹ́ ti ìjọba, tí òfin kà mọ́ ẹrú. Obìnrin kò lè di ọmọ ogun. Síbẹ̀ ọwọ́ obìnrin, àwọn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá nínú ìlú, ni ijó idà gbé. Ayàwòrán Shin Yun-bok ya méjì nínú wọn, ọ̀kan wọ yẹ̀rì pupa, èkejì wọ búlúù, idà méjì méjì lọ́wọ́ wọn, aṣọ ń fẹ́ bí ẹ̀fúùfù. Àwọn onílù àti onífèrè jókòó nísàlẹ̀ àwòrán náà, pẹ̀lú ìlù janggu tó há láàárín bíi dùndún àti gòjé olókùn méjì.

Òǹkọ̀wé Park Ji-won sọ ìtàn ọ̀kan nínú irú wọn, Unsim, tí ijó idà rẹ̀ lókìkí ní olú ìlú. Àwọn ọlọ́lá kún yàrá rẹ̀ lọ́jọ́ kan, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ kó jó. Ó ń fi ọ̀rọ̀ falẹ̀, kò dìde. Alágbe kan tó ń jẹ́ Gwangmun wọlé, aṣọ rẹ̀ ti ya, ó kọjá gbogbo wọn, ó sì lọ jókòó sí àyè àgbà. Ó ń fọwọ́ lu eékún, ó ń kùn bí ẹni ń kọrin. Unsim dìde, ó sì jó ijó idà fún un. Àwọn ọlọ́lá náà ò ṣàìní owó àti àṣẹ. Ohun tí wọn kò ní ni ọwọ́ tó lu eékún, ẹni tó wá láìfẹ́ kí oníjó di tirẹ̀.

Ibi tí ijó yìí ti kan Ọlọ́run tààrà, ó ná ọkùnrin kan ní orí rẹ̀.

Wọ́n bí Choe Je-u ní ọdún 1824 lẹ́bàá Gyeongju, ìlú Hwangchang kan náà. Ọ̀mọ̀wé ni baba rẹ̀, ṣùgbọ́n opó tó tún ọkọ fẹ́ ni ìyá rẹ̀, òfin kò sì gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láyè láti ṣe ìdánwò iṣẹ́ ọba. Ó rìn kiri fún ọdún púpọ̀. Ní ọdún 1860, ó ní ohùn kan bá òun sọ̀rọ̀ ní Yongdam, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní ohun tó pè ní Donghak, Ẹ̀kọ́ Ìlà Oòrùn. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni pé gbogbo ènìyàn ló ń ru Olúwa Ọ̀run nínú ara rẹ̀: ọlọ́lá àti ẹrú, ọkùnrin àti obìnrin. Ìtàn ìjọ náà sọ pé ẹrúbìnrin méjì wà nílé rẹ̀, ó dá wọn sílẹ̀, ó fi ọ̀kan ṣe ọmọ, ó sì fẹ́ èkejì fún ọmọkùnrin rẹ̀.

Nígbà tí àwọn aláṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá a, ó sá lọ sí ilé àdúrà kékeré kan lórí òkè ní Namwon, ní ìparí ọdún 1861. Níbẹ̀ ló ti ṣe orin idà, ó sì ń fi idà onígi jó o. Ó kọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ náà. Orin náà sọ pé àkókò ti dé, irú àkókò tí kì í wá lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ fojú inú wò ó: òru, orí òkè, àwọn àgbẹ̀ àti ọ̀mọ̀wé tí kò rí iṣẹ́ ọba ṣe, igi lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń jó fún Ọlọ́run tí wọ́n gbà pé ó wà nínú wọn.

Wọ́n mú un ní òpin ọdún 1863. Nígbà ìgbẹ́jọ́ ní Daegu, ijó náà wà lára ohun tí wọ́n bi í. Kí ni ẹni tó ń wàásù ń fi idà ṣe? Àkókò wo ló dé? Wọ́n bẹ́ ẹ lórí ní ìgbà ìrúwé ọdún 1864, ẹ̀sùn rẹ̀ sì ni pé ó fi ẹ̀kọ́ èké tan àwọn ènìyàn jẹ.

Ó rọrùn láti sọ pé àwọn adájọ́ náà kò lóye, pé wọ́n ka àdúrà sí ọ̀tẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n lóye ju bí a ti rò lọ. Idà onígi kò lè gé ẹnikẹ́ni. Bí Ọ̀run bá sì wà nínú gbogbo ènìyàn, ta ni ẹni tó ń jó yóò gé? Yorùbá ní idà ń wólé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Idà Choe Je-u dojú kọ ilé ara rẹ̀ lóòótọ́: ìbẹ̀rù tí ọmọ opó fi ń wo ọmọ ọlọ́lá ló wá gé níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n gé ìbẹ̀rù náà kúrò lára rẹ̀ ṣòroó ṣàkóso. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní 1894, àwọn àgbẹ̀ Donghak dìde ní Gobu lábẹ́ Jeon Bong-jun, ìbọn Jàpáánì àti ti ìjọba sì pa wọ́n lọ rẹpẹtẹ ní Ugeumchi. Ọdún yẹn kan náà ni ìjọba fagi lé òfin tó pín ènìyàn sí ọlọ́lá àti ẹrú. Àwọn tó dìde náà gbé ohun ìjà gidi, wọ́n ní ọ̀tá gidi, ó sì yẹ kí á sunkún wọn bíi jagunjagun. Ijó orí òkè Namwon ti kọjá kí ìyẹn tó dé, kò sì tọ́ kí á fi ọ̀kan bo èkejì mọ́lẹ̀.

Elégùn obìnrin Kòríà, mudang, ń fi ọ̀bẹ jó títí di òní. Nínú àṣà tó wá láti apá àríwá, àwọn kan nínú wọn ń fi ẹsẹ̀ lásán gun ojú abẹ tí wọ́n fi ń gé koríko. Bí ètùtù bá fẹ́ parí, wọ́n á ju ọ̀bẹ sílẹ̀, wọ́n á wo ibi tí ẹnu rẹ̀ kọjú sí: bó bá kọjú síta, ibi ti lọ. Ẹni tó ti rí Ògún tó ń fi idà jó lágbo Candomblé, ẹ̀sìn òrìṣà ní Bahia ní ilẹ̀ Brazil, kò ní béèrè ohun tí irin ń wá nídìí ẹbọ.

Ní Jinju, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí wọ́n pa Choe Je-u, ajẹ́lẹ̀ ìlú náà, Jeong Hyeon-seok, dá ètùtù kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Uiam Byeolje. Gisaeng nìkan ló ń ṣe olórí rẹ̀ nígbà náà. Obìnrin ló ń gbé ọtí, obìnrin ló ń kọrin, obìnrin ló ń jó. Nongae ni wọ́n ń ṣe é fún. Ní ọdún 1593, àwọn ọmọ ogun Jàpáánì gba odi Jinju, wọ́n pa àwọn ará inú rẹ̀, wọ́n sì ń ṣe àjọyọ̀ lẹ́bàá odò Nam. Nongae wọ aṣọ rẹ̀ tó dára jù, ó dúró lórí àpáta kan lábẹ́ ilé Chokseongnu, ó rẹ́rìn-ín sí ọ̀gágun wọn kan. Nígbà tí ọkùnrin náà súnmọ́ ọn, ó dì mọ́ ọn, ó sì bá a bẹ́ sínú odò. Àwọn ará ìlú ní ó fi òrùka sí gbogbo ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá kí ọwọ́ rẹ̀ má baà tú. Kò ní idà.

Ètùtù rẹ̀ ń wáyé lóde òní nígbà tí òdòdó bá yọ, ijó idà sì wà nínú rẹ̀. Odò ń ṣàn lọ nísàlẹ̀ àpáta, ìlù á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, àwọn obìnrin mẹ́jọ náà á bọ́ apá aṣọ aláràbarà kúrò. Wọ́n á na ọwọ́ wọn síwájú, wọ́n á ṣí àtẹ́lẹwọ́ kí gbogbo ènìyàn rí i, idà á ṣì wà nílẹ̀.